Bẹ́líìtì àyà ọmọ ológbò ní Òṣogbo: èyí tó yẹ ní rírà, èyí tó ń tú, àti bí a ṣe ń fi mú u jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Bẹ́líìtì àyà ni ohun tí a ń dè mọ́ ọmọ ológbò láyà kí a lè so okùn mọ́ ọn bí a bá ń mú u jáde. Irú rẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí àtẹ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ajá àti oògùn ẹran ní Òṣogbo. Àkọ́kọ́ ni olókùn tẹ́ẹ́rẹ́: òrùka okùn méjì tí wọ́n so pọ̀, ọ̀kan fún ọrùn, ọ̀kan fún àyà. Èkejì ni ẹlẹ́wù, tí wọ́n fi aṣọ alihò wẹ́wẹ́ rán, tí wọ́n sì ń fi aṣọ alẹ̀mọ́ra pa dé, irú èyí tó máa ń dún fàà bí ẹ bá ṣí i lára bàtà ọmọdé. Ẹ̀kẹta nípọn, fóòmù wà nínú rẹ̀, ajá kékeré ni wọ́n sì dìídì ṣe é fún, àmọ́ olùtajà yóò sọ fún yín pé ológbò náà ń wọ̀ ọ́. Ìdájọ́ wa nìyí, kí ẹni tó ń kánjú lè mọ ohun tí yóò rà: ẹlẹ́wù ni kí ẹ rà fún ọmọ ológbò, kìkì èyí tó ní ìdè oníke kún aṣọ alẹ̀mọ́ra rẹ̀. Olókùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń tú. Onífóòmù ń mú ooru, ó sì wúwo.

Lọ́jà, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀wà, àgbàdo àti gàárì, okùn ni wọ́n máa ń so mọ́ ológbò lọ́rùn kí ó má baà kúrò nídìí àpò tó ń ṣọ́ nítorí eku. Àgbà ológbò tí okùn ti mọ́ lára lè fara dà á. Ọmọ rẹ̀ kò lè fara dà á. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ta sókè, okùn yóò sì fún un lọ́fun, níbi tí ara rẹ̀ kò tíì gbó. Bẹ́líìtì àyà ń gbé ìfà yẹn kúrò lọ́rùn, ó ń pín in sí àyà àti ìhà. Nítorí náà, bí ilé yín tilẹ̀ ní ògiri yíká, a gbà pé ó yẹ kí ẹ náwó lé e kí ọmọ ológbò tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìta fún ìgbà àkọ́kọ́.

Olókùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù lórí àtẹ, òun ló sì dínwó jù, ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí a fi kọ̀ ọ́. Egungun kékeré tó so èjìká ènìyàn mọ́ igbá àyà kò so mọ́ nǹkan kan lára ológbò. Inú ẹran ara lásán ló wà. Ibi tí orí ológbò bá ti gbà, èjìká lè sún pọ̀ kí ó gbà á pẹ̀lú. Bí ẹ bá wà níwájú rẹ̀ tí ẹ ń fa okùn, tí òun náà sì ń fà sẹ́yìn, òrùka àyà á yọ́ bọ́ sí iwájú, ìgunpá kan á jáde, èkejì á tẹ̀lé e, ó parí. Ọmọ oṣù mẹ́ta kì í pẹ́ rárá kí ó tó ṣe é. Ohun mìíràn tún wà: okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń ge abíyá. Bí ẹ bá rí i pé irun ibẹ̀ ń jábọ́ tàbí awọ ibẹ̀ pọ́n, òun ló fà á.

Ẹlẹ́wù kò ní àlàfo yẹn, torí aṣọ rẹ̀ bo láti ìdí ọrùn dé ẹ̀yìn abíyá, ìgunpá kò sì rí ibi yọ sí. A kò sọ pé ológbò kò lè bọ́ nínú rẹ̀ láéláé o. Kò sí bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ láyé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún yín láàyè láti sún mọ́ ọn kí ó tó bọ́, àyè yẹn sì ni owó yín rà. Bí ó bá ti ń fà sẹ́yìn, ẹ má fà á. Ẹ dẹ okùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lóṣòó. Ìfà tó wá láti ẹ̀yìn ń mú bẹ́líìtì jókòó sí àyà. Èyí tó wá láti iwájú ló ń bọ́ ọ.

Àléébù ẹlẹ́wù wà, kò sì kéré. Aṣọ alẹ̀mọ́ra nìkan kò tó láti dì í mú. Nígbà tó bá tuntun, ó ń gbá mọ́ra gidi, ṣùgbọ́n irun ológbò ń kó sínú rẹ̀, èèmọ́ inú koríko náà ń kó sínú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣí fúnra rẹ̀ bí ológbò bá ti gbọn ara. Ariwo rẹ̀ tún ń já ọmọ ológbò láyà: etí rẹ̀ ni ẹ ti ń ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ariwo náà láti òkèèrè ná, ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ẹja díẹ̀ sì máa tẹ̀lé ariwo náà nígbà gbogbo. Bí ẹ bá rí oríṣi tó jẹ́ pé aṣọ alẹ̀mọ́ra lásán ló ní, láìsí ìdè oníke tó ń há kẹ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Onífóòmù, ọ̀rọ̀ kékeré ló kàn án. Ológbò kì í làágùn ní gbogbo ara bí i tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń làágùn díẹ̀, bẹ́líìtì tó nípọn sì ń dí ooru mọ́ ọn lára, pàápàá lóṣù kejì sí ìkẹrin ọdún nígbà tí oòrùn Òṣogbo ń mú. Fún ajá, ó dára.

Ẹ má fi ọjọ́ orí rà á, ẹ má sì fi ojú wọ̀n ọ́n. Lẹ́tà ara páálí kò jẹ́ nǹkan kan náà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì. XS ti ọ̀kan lè gba àgbà ológbò, ti èkejì kò sì ní gba ọmọ oṣù mẹ́rin. Téèpù télọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ológbò dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi téèpù yí i ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an: ìwọ̀n àyà nìyẹn, òun ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìdí ọrùn, níbi tó ti kan èjìká. Ọmọ oṣù mẹ́ta, tó sábà máa ń ju kílò kan lọ díẹ̀, máa ń ní àyà tó tó ínṣì 8 sí 10. Ti àgbà sábà máa ń wà láàárín 13 sí 16. Bẹ́líìtì tó yẹ ni èyí tí ìwọ̀n yín bọ́ sí àárín ibi tó lè fún dé àti ibi tó lè dẹ̀ dé. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fún un dópin kí ó tó bá ara mu, aṣọ tó ṣẹ́ kù yóò ká jọ sábẹ́ abíyá, ẹsẹ̀ á sì há síbẹ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ìka kan ni ó yẹ kí ó lè wọ abẹ́ rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé kílò méjì. Méjì fún àgbà. Ẹ ranti pé irun máa ń tan ènìyàn jẹ: ẹ fi ìka tẹ irun náà lulẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo òrùka irin tí a ń fi okùn ìdarí kọ́, ìyẹn okùn tí ẹ óò máa dì mú lọ́wọ́. Ibi tí ìpẹ̀kun irin méjèèjì ti pàdé, ṣé wọ́n jó o pọ̀? Bí èékánná bá lè wọ àárín wọn, ìkọ́ yóò yọ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kò rò. Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ ní ìdí òrùka náà: ó yẹ kí wọ́n rán an ní onígun mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ojú abẹ́rẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá bí lẹ́tà X. Ìlà kan ṣoṣo kò tó. Ẹ fi ìka tẹ ìdè oníke láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣí bẹ́ẹ̀, kò dára, torí méjèèjì ló yẹ kí a tẹ̀ pọ̀ kí ó tó ṣí.

Nílé, ìdánwò kan wà tí kò ná yín lówó. Ẹ dé bẹ́líìtì náà pa láìsí ológbò nínú rẹ̀, ẹ fi bírò ṣàmì sí ibi tí ike ìfúnmọ́ (ike tí a ń sún láti fún bẹ́líìtì tàbí láti dẹ̀ ẹ́) dúró sí lára okùn, ẹ gbé e kọ́ ìṣó tó le, kí ẹ sì fi okùn ìdarí rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fómi rọ̀. Kílò márùn-ún nìyẹn. Ó ju ìwúwo ọmọ ológbò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ológbò tó ta sókè tí okùn sì dá a dúró lójijì ń fà ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo àmì bírò. Bí ike ìfúnmọ́ bá ti sún kúrò níbẹ̀, yóò máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ológbò nígbàkígbà tí ẹ bá jáde, ẹ kò sì ní mọ̀. Àwọn olókùn tẹ́ẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ibí yìí ni wọ́n máa ń já sí jù.

Okùn ìdarí tó bá a wá sábà máa ń gùn tó mítà 1.2 sí 1.5, ó sì tó. Ìkọ́ irin ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fiyè sí. Wọ́n máa ń fi ìkọ́ ajá sí i. Ìkọ́ tó wọn gíráàmù 60 lẹ́yìn ọmọ tó wọn kílò kan, ohun tó pọ̀ ni. Yóò máa fa bẹ́líìtì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ náà á sì máa rìn ní wíwọ́. Ẹ gbé e sórí sikéèlì ìdáná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí ìkọ́ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìdí kọ́kọ́rọ́ bó bá wúwo, ṣùgbọ́n kí ẹ dán òun náà wò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Okùn tó ń ká ara rẹ̀ wọ inú ike, ẹ yẹra fún un pátápátá. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ike náà á máa gbá ilẹ̀ tẹ̀ lé ológbò lẹ́yìn, òun á sì máa sá fún ariwo tí kò lè sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìwọ̀n tó kéré ló máa ń wọ́n ní Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ télọ̀ kò wọ́n. Ẹ lè rán an. Fún àyà ínṣì 9, ẹ gé aṣọ jẹ́sì alihò ní ínṣì 11 ní gígùn, ínṣì méjì àbọ̀ ní fífẹ̀, kí ẹ fi àǹkárá tó ti gbó tẹ́ inú rẹ̀. Ínṣì méjì tó lé ni yóò gun ara wọn níbi tí aṣọ alẹ̀mọ́ra yóò wà. Ẹ gé ti ọrùn ní ìwọ̀n ọrùn pẹ̀lú ínṣì kan àbọ̀. Aṣọ kan tó fẹ̀ tó ínṣì kan ni yóò so méjèèjì pọ̀ lábẹ́ àyà, òmíràn ní ẹ̀yìn. Kókó ibẹ̀ ni pé okùn pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, irú tí wọ́n ń fi ṣe ọwọ́ báàgì, gbọ́dọ̀ yí aṣọ àyà ká pátápátá, ara okùn yẹn sì ni ìdè oníke àti òrùka irin yóò wà. Bí télọ̀ bá rán òrùka mọ́ aṣọ jẹ́sì lásán, aṣọ á fà ya. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un kí ó tó gùn maṣíìnì. Ọ̀pọ̀ wọn yóò fẹ́ kí ó kọ́kọ́ rẹwà. Bí wọ́n bá rán an dáadáa, èyí tí a rán nílé ju ti páálí lọ fún ọmọ tó kéré jù, torí ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Bẹ́líìtì kò dènà àrùn o. Àjẹsára ọmọ ológbò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a ń tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi sì máa ń wọlé láti ọ̀sẹ̀ 12. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní panleukopenia, torí kòkòrò rẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà fún ọdún kan, láìsí ológbò kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ tí ológbò ẹlòmíràn ń rìn. Kí ìgbà yẹn tó tó, ẹ lè gbé e lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, kí ó máa gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́, kí ó máa wo ọ̀kadà tó ń kọjá. Àkókò yẹn náà ni kí ẹ lò fún ẹ̀kọ́ inú ilé.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ ni kí bẹ́líìtì wà, kí òórùn rẹ̀ di òórùn ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé e lẹ́yìn nígbà tó bá ń jẹun, láìdè é, kí ẹ sì gbé e kúrò kí ó tó jẹun tán. Ìgbà tí ebi ń pa á ni ẹ óò dè é fún ìgbà àkọ́kọ́: ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, oúnjẹ níwájú, ẹ tú u nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ẹ bá tú u nígbà tó ń jà, ìjà ni ẹ kọ́ ọ. Ẹja ṣàwá tí ẹ bọ̀ láìsí iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà, tí ẹ yọ egungun rẹ̀, ni ẹ̀bùn tó dára jù. Ẹ má fi ẹja ọbẹ̀ ṣe é; àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá bẹ́líìtì padà fún olùtajà níbí yìí, torí pé bí wọ́n ti dè é tán, ọmọ ológbò ṣubú lulẹ̀ gbalaja bí ẹni tí egungun rẹ̀ yọ́, tàbí kí ó máa fi ikùn wọ́ ilẹ̀. Wọ́n á ní ó ń dùn ún. Kò dùn ún. Ohun tó bò ó lẹ́yìn ló sọ fún ara rẹ̀ pé kí ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má gbé e dìde, ẹ má sì tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹja sí ínṣì kan níwájú imú rẹ̀, tàbí kí ẹ fa ìyẹ́ adìẹ tí ẹ so mọ́ okùn kọjá níwájú rẹ̀. Ìgbà tó bá sáré tẹ̀ lé ìyẹ́ náà, yóò gbàgbé bẹ́líìtì. Bí ó bá ti ń jẹun, tó ń ṣeré, tó sì ń fo orí àga pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ wá so okùn ìdarí mọ́ ọn, kí ó máa wọ́ ọ nínú yàrá, kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀, torí okùn yóò há mọ́ ẹsẹ̀ àga. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò di ìdí okùn mú. Ológbò ni yóò máa ṣíwájú. Ẹ̀yin ni ẹ óò máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó máa tẹ̀ lé òun bí ajá yóò fà á títí yóò fi kọ́ bí a ṣe ń bọ́ nínú bẹ́líìtì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú yàrá ni kí ẹ ti dè é, kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ẹ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín kọjá. Ọmọ ológbò tó bá ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun lè gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá yóò máa lúgọ sídìí ilẹ̀kùn, ọjọ́ tí àlejò bá ṣí i ni yóò sá jáde láìsí bẹ́líìtì. Òwúrọ̀, láàárín aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀, ló dára jù: ilẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹ bá jáde nígbà míràn, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé síméńtì tàbí íntálọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú-àáyá méje. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè fara dà á. Ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn yín, kí àpótí tàbí agbọ̀n tó mọ̀ wà nítòsí, kí ó lè sá wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Bí ìrù rẹ̀ bá wú, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, tàbí tó ń mí pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí, ẹ wọlé. Bí ó bá ya wèrè mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má fi okùn gbé e sókè. Ẹ da tówẹ́ẹ̀lì tó nípọn bò ó, ẹ wé e pọ̀, ẹ gbé e. Tówẹ́ẹ̀lì yẹn kò sí nínú páálí kankan, bẹ́ẹ̀ ó wúlò tó bẹ́líìtì. Bí ó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Agbo ilé tí yàrá kọjú síra wọn, irú èyí tó pọ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, yàtọ̀ sí ilé olóògiri ní Òkè-Fìà tàbí Ògo-Olúwa. Nínú àgbàlá àjùmọ̀lò, àgbébọ̀ tó ń kó ọmọ kiri yóò ṣá ọmọ ológbò lójú kí ẹ tó mọ̀. Ẹ dúró títí adìẹ yóò fi kúrò. Ẹ sọ fún àwọn alájọgbé ṣáájú, torí àwọn kan ń bẹ̀rù ológbò tọkàntọkàn, ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fi oògùn eku tàbí ọ̀tapiapia sí. Níbi tí wọ́n ti ń rẹ àdìrẹ, ẹ má mú un dé ìdí ìkòkò aró. Kọ́sítíìkì sódà tó wà nínú omi aró yóò bó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì bó ahọ́n rẹ̀ nígbà tó bá ń lá ẹsẹ̀. Ní ilé olóògiri, ewu ibẹ̀ ni kànga tí kò ní ìdérí, gọ́tà, ajá aládùúgbò, àwòdì, àti igi lápálápá tí wọ́n fi ṣe ọgbà, tí èso rẹ̀ ní májèlé. Lásìkò òjò, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa fún ìjàlọ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Ọmọ ológbò tí okùn dì mú kò lè sá fún wọn. Bí ó bá gbá ọ̀pọ̀lọ́ mú, yóò da itọ́ yẹ́úyẹ́ú: ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀ léraléra, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Alángbá náà, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ ẹ́, torí kòkòrò kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́ ń ti ara alángbá wọlé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má so ìdí okùn mọ́ òpó tàbí igi kí ẹ wọlé lọ bu omi. Ológbò á gun orí ògiri, á bẹ́ sí òdì kejì, okùn á sì gbé e rọ̀. Bẹ́líìtì yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń so ẹran mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ráyè jókòó tì í kí ó ra kéèjì.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ra bẹ́líìtì, olùtajà lè fi ìyẹ̀fun eégbọn tàbí okùn ọrùn eégbọn kún un fún yín. Ẹ ka ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ permethrin sí i, ajá ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ń pa ológbò. Ẹ gba èyí tí dókítà ẹranko bá sọ pé ó wà fún ọmọ ológbò, ní ìwọ̀n ìwúwo rẹ̀.

Ọmọ ológbò máa ń fi nǹkan bí 100 gíráàmù kún ara lọ́sẹ̀ kan. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wo ibi tí ike ìfúnmọ́ wà, kí ẹ tún fi ìka yẹn sábẹ́ rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́fà tí eyín ń pààrọ̀, yóò máa jẹ okùn. Ẹ bọ́ bẹ́líìtì kúrò lára rẹ̀ bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má sì lo okùn tó ti ní ojú jíjẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán àti omi tútù ló yẹ kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ yọ irun inú aṣọ alẹ̀mọ́ra pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín tó gbó, kí ẹ sá a sábẹ́ ìbòòji. Èyí tó bá tutù ń bó abíyá. Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí inú aṣọ rẹ̀. Abo ológbò lè gboyún láti oṣù mẹ́rin, ẹ bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kí ẹ tó ronú láti jẹ́ kí ó jáde láìsí okùn.

Ọ̀pọ̀ àwọn bẹ́líìtì yìí, láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó wọn wá, iye wọn sì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú dọ́là. Ẹ dúnàádúrà dáadáa, kí ẹ sì bèèrè, kí ẹ tó sanwó, bóyá olùtajà yóò gbà á padà bí kò bá wọ̀ ọ́. Èyí tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Ẹ tọ́jú páálí, ẹ má ya á, títí ìdánwò kẹ́ẹ̀gì yóò fi parí.